Wákàtí Kan Péré: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣètò Líìgì Àgbà Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà

Ìpakodò,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Alága àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ogún ikọ̀ ló ń figagbága nínú líìgì yín, pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan, àti pé bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 ni ẹ gbọ́dọ̀ wá ọjọ́, wákàtí, pápá àti réfírì fún kí sáà tó parí. Ẹni tó bá ti jókòó pín àkókò iṣẹ́ fún gbogbo kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan rí, gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣe, kò jẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, n kò kọ̀wé yìí láti bá yín wíjọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú 380 yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, wákàtí kan ṣoṣo sì ni mo ń tọrọ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: lọ́jọ́ tí Ikorodu City, ikọ̀ ìlú wa, bá máa gba Remo Stars, ikọ̀ ilẹ̀ Rẹ́mọ, lálejò ní pápá ìṣeré Mobolaji Johnson ní Oníkan, ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sí Sátidé, kí fèrè ìbẹ̀rẹ̀ sì dún ní aago mẹ́ta ọ̀sán dípò aago mẹ́rin tí a mọ̀ mọ́ ọn.

Mo jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìkòròdú. N kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi, àfi èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbá lù mí lẹ́yìn bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọn kọjá. Bàbá mi ló kó mi sínú rẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Stores sì ni wọ́n, ìyẹn ikọ̀ bọ́ọ̀lù Stationery Stores tí Olóyè Israel Adébájọ dá sílẹ̀ l'Ékòó, èyí tó gba ife Challenge Cup lọ́dún 1967, tó tún gbà á lọ́dún 1968 nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ ọmọ tó ń sá kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ìgbà kan ṣoṣo ni Stores gba líìgì, ìyẹn lọ́dún 1992, bí bàbá mi bá sì ń sọ ọ́ lónìí, ẹ ó rò pé àná ni. Nígbà tí Stores kógbá wọlé, bàbá mi kò bá ikọ̀ kankan ṣe mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn a máa wo bọ́ọ̀lù, wọn kò kàn ní í pariwo. Ìgbà tí Ikorodu City gòkè wá sí líìgì àgbà lọ́dún 2024 ni mo tó tún gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ lè bi mí pé nínú àwọn mọ́kàndínlógún tó ń wá bá wa gbá, kí ló dé tó fi jẹ́ Remo Stars ni mo yọ sọ́tọ̀? Àwọn kan ládùúgbò wa gan-an bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Shooting Stars ti Ìbàdàn ló yẹ kí n dárúkọ, nítorí ìjà Èkó àti Ìbàdàn ti pẹ́, àti pé ẹni tó bá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí Stores bá fẹ́ pàdé IICC, orúkọ tí Shooting Stars ń jẹ́ láyé ijọ́un, yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé. N kò jiyàn. Ikọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1976, tó tún gba CAF Cup lọ́dún 1992, kì í ṣe ikọ̀ tí a ń fojú di. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ìbàdàn lẹni tí à ń bá jà. Rẹ́mọ lẹni tí à ń bá jẹun. Ẹni tí a jọ ń jẹun tó bá wá na èèyàn ní gbangba, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà."

Àwọn àgbà ìlú wa sọ fún wa pé ọmọ aládé kan láti Rẹ́mọ wà lára àwọn tó tẹ Ìkòròdú dó, pé àwọn kan láti Ìbíní tún wá bá wọn níbẹ̀, àti pé ilẹ̀ tí wọ́n bá lálẹ̀ jẹ́ oko ọ̀dú, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Ọ̀dú sì rèé, kì í ṣe àìmọ̀ fólóko: bí ará Ṣàgámù bá dé ọjà wa tó lanu sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò wá ògbufọ̀. Ní ilé tèmi, ọ̀rọ̀ náà tún súnmọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ Ìpẹ́rù ni ìyá tó bí mi. Àna ni Rẹ́mọ jẹ́ fún bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ìpẹ́rù á pè wọ́n lórí fóònù, á kí wọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí àna, á béèrè ara wọn, á béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Àna wa, ẹ má gbàgbé pé ìdọ̀bálẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín o." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á gbé fóònù sílẹ̀, ojú wọn á sì le. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, a kì í fi ọ̀rọ̀ Ìpẹ́rù lọ̀ wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ àna náà ní ohun tó ń fi yangàn. Ọdún 2004 ni wọ́n dá ikọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n kọ́ pápá tiwọn sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ṣe ipò kejì lọ́dún 2023, wọ́n tún ṣe é lọ́dún 2024, kí wọ́n tó wá gba líìgì lọ́dún 2025. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti Èkó gbà á, ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò tún fojú kan ife yẹn mọ́ títí tí Rẹ́mọ fi gbé e wálé. Mo sọ ọ́ tinútinú pé inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí pẹ̀lú, nínú ọkàn kan náà. Ẹni tó bá ní ìbátan tó kọ́lé ṣáájú rẹ̀ ní àdúgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ mi yóò yé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ wákàtí.

Oníkan kì í ṣe Ìkòròdú. Láti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà méjì ló wà. Ti ilẹ̀ gba Ògólóńtò, Májídún, Máìlì 12, Kétu àti Ọjọ́ta kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò gun Third Mainland Bridge lọ sí erékùṣù. Àwọn bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 lọ́dún 2008, tí wọ́n sì na ọ̀nà wọn dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, máa ń já èèyàn sí TBS, ìyẹn Tafawa Balewa Square, tí kò jìnnà sí pápá náà rárá. Ọ̀nà kejì ni ti omi, láti èbúté Ìpakodò lọ sí Marina, bí ogójì ìṣẹ́jú lórí ọ̀sà, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan. Ẹni tí orúnkún bá ń yọ lẹ́nu bíi bàbá mi, tí kò lè dúró pẹ́ lórí ìlà, omi ni ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò gba ọkọ̀ ojú omi láàyè láti máa kó èrò lóru l'Ékòó, òfin náà sì dára, nítorí àwọn tí omi ti gbé lọ nínú òkùnkùn kò kéré níye. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọlọ́kọ̀ á so okùn mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí Oníkan pẹ̀lú bàbá mi ní sáà tó kọjá, n kò ní sọ irú ọjọ́ tó jẹ́ tàbí ẹni tó borí, nítorí kì í ṣe ìdí tí mo fi mú un wá. Wọ́n dé fìlà tí wọ́n ti ń dé lọ wo Stores, ẹ̀pà wà nínú ìgò nínú àpò wọn, rédíò kékeré kan sì wà lọ́wọ́ wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú wọn gan-an ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n fi ìka hàn mí ibi tí ihò tí wọ́n máa ń gbà wọlé wà nígbà tí wọn kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń pe pápá náà ní King George, kí ó tó di pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní. Ògiri ti wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì ń wò ó bíi pé ihò náà wà níbẹ̀.

Aago mẹ́rin ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, mo sọ fún wọn pé kí a dìde, kí ọkọ̀ má baà fi wá sílẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti fọn fèrè ni?" Réfírì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, nígbà tó sì fọn ún tán, aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. A rìn bí a ṣe lè rìn. Àgbà tí orúnkún ń dùn kì í sáré, a dúró nígbà mẹ́ta lójú ọ̀nà, ní ìgbà kẹta wọ́n ń díbọ́n pé ọkọ̀ ojú omi kan ni àwọn ń wò. Nígbà tí a dé èbúté, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kó àwọn ẹ̀wù pupa tí wọ́n ń wọ̀ fún èrò kọ́ sórí irin lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ṣì ń kán tótó lára wọn. Ó wo bàbá mi, ó wo ojú ọ̀run, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ pé: "Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tó lọ tán yẹn ló kẹ́yìn." Ó tọ̀nà. Bó bá gbà láti gbé wa, èmi gan-an ni ì bá bá a jà.

A padà sí TBS, a tò sórí ìlà. Ó ti kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ dáadáa kí a tó tẹ ilé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí di ọ̀sán. Kò sí ẹnikẹ́ni tí mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù nínú gbogbo èyí: kì í ṣe ọlọ́kọ̀, kì í ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀yin. Mo kàn jókòó ti ìwé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣírò rẹ̀ ni.

Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 45, ìsinmi jẹ́ 15, ìdajì kejì jẹ́ 45. Bí a bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un fún àkókò tó ṣòfò, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 55 ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò parí, bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ l'Ékòó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, arúgbó tó sì dúró sinmi nígbà mẹ́ta lójú ọ̀nà yóò ṣì dé Marina kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, yóò wọkọ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìpakodò kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn àna wa pàápàá yóò jẹ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ṣì ní láti kọjá Mòwé kí wọ́n tó dé oríta Ṣàgámù, a sì mọ bí ọ̀nà márosẹ̀ náà ṣe ń rí bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Mo mọ ohun tí ẹ lè sọ. Ẹ ó ní aago mẹ́ta gbóná fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, n kò sì ní èsì kankan lórí rẹ̀ ju pé òfin bọ́ọ̀lù gba réfírì láàyè láti dá eré dúró díẹ̀ kí wọ́n mu omi bí ooru bá pọ̀, àti pé láàárín aago mẹ́ta àti aago mẹ́rin, oòrùn Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn padà. Ẹ tún lè sọ pé bí ẹ bá ṣe é fún wa, àwọn mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Kí wọ́n bèèrè. Bí ìlú mìíràn bá wà tó jẹ́ pé omi ló wà láàárín òun àti pápá ikọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í rìn lóru, ẹ gbọ́ tiwọn náà.

Àtakò tó wúwo jù lọ lójú tèmi kò tiẹ̀ sí nínú àwọn yìí. Ẹ ó ní ní ọ̀sán Sátidé, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọ̀dọ́ Ìkòròdú ti wà nínú ilé ìwòran, ta ni yóò wá sí Oníkan? Mo ti ro èyí fún ìgbà pípẹ́, nítorí inú kíláàsì mi ni mo ti ń rí i. Ọmọ tí kò lè ka oríkì ìdílé rẹ̀ délẹ̀ fún mi yóò ka ìtàn Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, yóò sọ ẹsẹ̀ tó fi ń gbá a. Mo ní kó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City kan ṣoṣo fún mi, ó wo àjà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú tiwa ni. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòran wà ní ẹ̀yìn ilé wọn. Bí fèrè bá dún, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi délé, ìyá rẹ̀ kò sì ní í wá a. Ó ní ìyá òun kò lè gbà kí òun wà ní erékùṣù nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. N kò rí ohun tí mo lè fi dá ìyá náà lẹ́bi. Ohun tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tí tiwa kò ní, lójú ọmọ yẹn, kò ju ọ̀nà ilé lọ, ó sì jẹ́ pé ọ̀nà ilé yìí wà lára ohun tí ẹ̀yin lè fi bíírò kan ṣoṣo tún ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ gbá a, a ó gba Odóńgúnyàn, a ó kọjá Ṣàgámù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, a ó sì padà dé Ìkòròdú kí àwọn tó lọ sí Oníkan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tó gbàgbé ìyà tó jẹ wọ́n. Ibi tí a ti ṣe àlejò ló rọ̀ wá lọ́rùn, ibi tí a ti ṣe onílé ni ilẹ̀ ti ń ṣú bá wa. N kò sì bèèrè pé kí ẹ gbé pápá wá bá wa. Ìyẹn ju agbára lẹ́tà kan lọ.

Mo ti bá díẹ̀ nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ní Ìpakodò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ ọjọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí wọn kò sì yí i padà, àwọn lè mú ọkọ̀ kan dúró de àwọn tó ń bọ̀ láti pápá. Nítorí náà, bí ẹ bá lè tètè kéde rẹ̀, ìyẹn náà yóò ràn wá lọ́wọ́.

Mo gbé ìwé àjákọ kan kálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wa kí àwọn aládùúgbò tó fara mọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí lè kọ orúkọ wọn sí i. Ó ti kún, mo sì ṣetán láti fi ránṣẹ́ sí yín nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ tiwọn. Mo ti fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan kí èèyàn kọ ikọ̀ tó ń tì lẹ́yìn síbẹ̀, níbi tí gbogbo àwọn tó kù sì ti kọ Ikorodu City, "Stores" ni wọ́n kọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á rẹ́, kí ìgbìmọ̀ má baà rò pé à ń ṣeré. Wọ́n ní àwọn kò ní í pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà wọ́n mọ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Yorùbá kan ní Ìkòròdú, ọmọ ọmọ Stores.